Tọ́ọ̀nù Kan Náà: Ìran Hilux àti Ẹrù Kòkó ní Ilẹ̀ Oǹdó

Àpò kòkó kan tó gbẹ dáadáa, èyí tí wọ́n dì fún títà sí òkè òkun, máa ń wọn kílò 62.5 sí 64. Mẹ́rìndínlógún irú àpò bẹ́ẹ̀ ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Oko kòkó hẹ́kítà kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kékeré ní Ìdànrè, Ilé-Olújì tàbí Oǹdó kì í sábà so ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní hẹ́kítà méjì, tó ń ro ó déédéé, tó sì ń fín oògùn sí i kí òjò má baà sọ èso rẹ̀ di dúdú lórí igi, á rí nǹkan bí àpò 16 kó jọ láàárín ọdún. Gbogbo làálàá ọdún kan tí ìdílé kan ṣe nìyẹn, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kan sì gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti 1968 tí Toyota ti gbé Hilux àkọ́kọ́ jáde, ẹrù tí ọkọ̀ náà ń rù kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní tọ́ọ̀nù kan yìí. Gígùn rẹ̀ ti yí padà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti pọ̀ sí i, owó rẹ̀ ti gòkè, ẹni tó ń jókòó sínú rẹ̀ náà ti yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé bí ìran ọkọ̀ yìí ṣe ń gorí ìran, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí àgbẹ̀ àti ẹni tó ń ra irè oko, àwọn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún jù lọ. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ohun tó ń mú píkọ́ọ̀pù pẹ́ ní ilẹ̀ bíi tiwa ni bóyá mẹkáníìkì àdúgbò lè tún un ṣe, àti bóyá ìsọ̀ tó wà nítòsí ní ohun tí yóò fi tún un ṣe. Líle irin rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nǹkan méjèèjì yìí ló wà.

Kí píkọ́ọ̀pù tó wọ́pọ̀, orí ènìyàn ló ń gbé ẹrù kúrò ní abà, tí yóò gbé e dé ẹ̀bá títì. Láti ẹ̀bá títì, ó di ọwọ́ bọ̀lẹ̀kájà, lọ́rì tí ara rẹ̀ jẹ́ pákó, tí èrò àti àpò kòkó ń jọ wọ̀. Àwọn agbégilódò náà wà, ṣùgbọ́n igi gẹdú inú igbó ni wọ́n ń kó ní tiwọn. Lọ́rì kì í wọ ojú ọ̀nà oko tóóró, owó epo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó kúrò lójú kan bí ẹrù kò bá tíì kún un. Àlàfo ńlá ló wà láàárín ohun tí orí lè gbé àti ohun tí lọ́rì ń wá, àlàfo yẹn sì ni píkọ́ọ̀pù wá dí. Nígbà tí ìjọba Babangida tú Kòkó Bọ́ọ̀dù ká ní 1986, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé àṣẹ wá lè ra kòkó, àlàfo náà tún wá ṣe pàtàkì sí i. Oníṣòwò kékeré tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti àpò ogún tàbí ọgbọ̀n lọ kò lè dá lọ́rì kún. Ó ní láti wọ abà lọ fúnra rẹ̀, kó san owó lójú ẹsẹ̀, kó sì gbé ẹrù rẹ̀ jáde kí oníṣòwò mìíràn tó dé. Ọkọ̀ tó ń rù tọ́ọ̀nù kan, tó lè gba àárín igi méjì kọjá, ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ní Japan ní oṣù March 1968. Toyota ló ni orúkọ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Hino ló ń tò ó ní Hamura. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.5 lọ, ènìyàn mẹ́ta ló ń gbà níwájú, gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mítà mẹ́rin, tọ́ọ̀nù kan ni ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wo abẹ́ rẹ̀ kò ní rí ohun tó díjú. Irin gígùn méjì tó nípọn lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, àwọn irin kéékèèké sì dábùú wọn bí ẹsẹ̀ àkàbà: sáṣì nìyẹn, òun ló ń gba gbogbo ìyà, ara ọkọ̀ kàn jókòó lé e lórí ni. Lẹ́yìn, ọ̀pá irin kan so táyà méjèèjì pọ̀, sípírìngì tó sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé ọ̀pá yìí jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, èyí tó gùn jù lókè, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, àwọn tó gùn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ wálẹ̀ títí wọn yóò fi kan àwọn tó le nísàlẹ̀, gbogbo wọn á wá jọ gbé e. Ìdí nìyẹn tí píkọ́ọ̀pù òfìfo fi ń jáni sókè jáni sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó ní kòtò, tó sì jẹ́ pé bí àpò kòkó bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ á rọlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn irin yìí bá ṣẹ́, wọ́n á tú ìdè rẹ̀, wọ́n á yọ èyí tó ṣẹ́, wọ́n á wá èyí tó bá a dọ́gba lára ọkọ̀ tó ti kú, ọkọ̀ á sì tún gbéra lọ́jọ́ kejì. Ìran kejì jáde ní 1972, ìkẹta ní 1978, ní 1979 sì ni èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé. Ohun tí mo ṣàlàyé nípa abẹ́ ọkọ̀ yìí kò yí padà púpọ̀ nínú gbogbo wọn.

Ní Nàìjíríà, Hilux kọ́ ló kọ́kọ́ gba ọkàn àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1968 kan náà ni Peugeot gbé 504 jáde ní Faransé, ní 1975 ni ilé iṣẹ́ tó ń tò ó ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní 1979 sì ni 504 tó jẹ́ píkọ́ọ̀pù dé ọjà. Kò pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ tí ojú gbogbo ènìyàn mọ̀. Òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì ń gùn ní Alágbàka, àdúgbò ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́, òun náà sì ni ọkọ̀ gígùn tí èrò ń wọ̀ ní gáréèjì bí wọ́n bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Láti ìdí sítíárìn lọ síwájú, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀gá ọ́fíìsì: ẹ́ńjìnnì kan náà, gíà kan náà, iná iwájú kan náà. Ẹ̀yìn nìkan ló yàtọ̀, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pá irin àti sípírìngì pẹlẹbẹ tó lè rù ju tọ́ọ̀nù kan lọ sí i. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún mẹkáníìkì ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́. Ọmọṣẹ́ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ èrò ṣe ti mọ píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́rù náà tán láìtún kọ́ ohunkóhun. Ìsọ̀ tó ń ta páńbọ́ọ̀tù ọkọ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì ló ń ta ti oníkòkó. Ọkọ̀ tó bá ní ìjàǹbá lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á tún jí dìde nínú píkọ́ọ̀pù kan ní Ìdànrè. Kábúrétọ̀ rẹ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó fi iná sí i, ni wọ́n lè tú lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí wọ́n fi epo fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà. Píkọ́ọ̀pù 504 yìí kò ní ìran kejì. Bí wọ́n ṣe bí i ní 1979 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wà títí ó fi parí, mo sì gbà pé àìyí padà yẹn ló jẹ́ kí ìmọ̀ nípa rẹ̀ dúró sí ọwọ́ àwọn tó ń tún un ṣe, kí ó sì máa ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ ọmọṣẹ́ fún ọdún tó lé ní ogún.

Àwọn kan á sọ pé ìfẹ́ àtijọ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbí, pé Hilux ti fi han gbogbo ayé pé òun le ju Peugeot èyíkéyìí lọ. Ẹ̀rí wọn lágbára. Ní 1987, àwọn ọmọ ogun Chad gbé ìbọn sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù Toyota, wọ́n sì fi lé àwọn ọmọ ogun Libya tó ní ọkọ̀ ogun onírin kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi ní àríwá orílẹ̀-èdè wọn. Ogun Toyota ni wọ́n ń pe ogun náà di òní. Ní 2003, ètò Top Gear ti BBC mú Hilux onídísẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ṣe ní 1988. Wọ́n fi gbá igi, wọ́n jẹ́ kí omi òkun bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n dáná sun ún, níkẹyìn wọ́n gbé e sórí ilé gíga kan tí wọ́n fẹ́ wó, wọ́n sì wó ilé náà tòun ti ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ó tún ṣiṣẹ́. Ìtàn yìí ni àwọn olólùfẹ́ Hilux máa ń kọ́kọ́ sọ, mi ò sì jiyàn pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdéhùn tó wà nínú ìdánwò náà: mẹkáníìkì láṣẹ láti tún un ṣe, kìkì pé kò gbọ́dọ̀ lo pátì tuntun kankan, irinṣẹ́ ọwọ́ lásán ló lè lò. Ọkọ̀ náà kú sẹ́nu omi òkun, ẹnì kan ló sì fi spánà jí i. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ayé ìgbà náà kò ní kọ̀ǹpútà tí omi yóò bà jẹ́, kò sì nílò iná púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ohun tí ìdánwò náà fi hàn jù lọ ni bí ọkọ̀ náà ṣe rọrùn tó láti tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Chad: inú aṣálẹ̀ tí kò sí ilé iṣẹ́ aṣojú Toyota ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Lórí ohun tí mo ń sọ, Hilux ìran kẹrin tí wọ́n ṣe láti 1983 sí 1988 àti Peugeot 504 ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Láàárín ìgbà náà sí 2004 ni ìwà ọkọ̀ yìí yí padà, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Ní nǹkan bí 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀pá irin iwájú kúrò lára èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí táyà iwájú kọ̀ọ̀kan máa gbọ̀n lọ́tọ̀, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè rí ara gbé e sí. Ìran karùn-ún dé ní 1988, ìkẹfà ní 1997. Èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin wá ń borí èyí tó ní méjì nínú ọjà, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó lówó, píkọ́ọ̀pù ti di ọkọ̀ ìdílé. Ibi tí ìyípadà yìí ti dun oníkòkó nìyí. Ẹ̀yìn Hilux onílẹ̀kùn méjì òde òní gùn ju mítà méjì lọ. Ti onílẹ̀kùn mẹ́rin kò ju nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ìjókòó ènìyàn mẹ́ta ti jẹ àyè tó ṣẹ́kù. Àpò 16 tó ti lè sùn sílẹ̀ dáadáa wá di èyí tí wọ́n ń tò gogoro ga ju orí ọkọ̀ lọ, bí wọ́n bá sì ti tò ó ga, ọkọ̀ á máa fì sọ́tùn-ún fì sósì lójú ọ̀nà òkè bí ti Ìdànrè. Ọkọ̀ tuntun náà gùn ju mítà márùn-ún lọ, ó fi ohun tó lé ní mítà kan gùn ju ti 1968 lọ, síbẹ̀ àyè ẹrù rẹ̀ ló kéré.

Ìran keje tó jáde ní Thailand ní 2004 ló parí ìyípadà náà. Toyota pinnu láti ṣe sáṣì kan tí gbogbo ayé yóò máa lò, wọ́n sì gbé Hilux, Fortuner àti Innova lé e lórí. Thailand, Indonesia, Argentina àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, ilé iṣẹ́ Durban sì ni ọ̀pọ̀ tó ń wá sí Áfíríkà ti ń jáde. Ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù lítà 2.7, tó wọ́pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà, ní kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ oríṣiríṣi ń sọ fún un kó tó mọ iye epo tí yóò fún un. Ọkọ̀ dáadáa ni, mi ò sì rí ẹ̀bi kan fún àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ibi tó ń lọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọgbà ìjọba ni, àti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe títì, àti ọlọ́pàá, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Nígbà tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù January 2020, píkọ́ọ̀pù tí wọ́n tò síta ni gbogbo ènìyàn wò. Ọmọ agbègbè Àkúrẹ́ wà lára àwọn tó sọ Toyota di ohun tó kún Nàìjíríà: Michael Adé Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, dá ilé iṣẹ́ Elizade sílẹ̀ ní 1971, ìlú rẹ̀ náà ló sì kọ́ Yunifásítì Elizade sí. Ìlú tó bí olówò Toyota tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ yìí wà láàárín àwọn oko kòkó, bẹ́ẹ̀ Hilux tó ń kọjá níwájú oko wọ̀nyẹn lónìí, ọ̀gá kan ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé ọkọ̀ ọ̀gá kì í padà di ọkọ̀ àgbẹ̀ bó bá gbó? Bí ọkọ̀ ṣe máa ń rìn lágbo wa nìyẹn, tuntun fún olówó, Tòkunbọ̀ fún ẹni tó ń gbìyànjú, àlòkù àlòkù fún ẹni tó kù. Corolla àti Camry tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà níbi gbogbo. Ti Hilux yàtọ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìtàn méjì tí kò jọ ara wọn. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ wa ti ń wá, àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sì í ra Hilux. Láti 1995 ni Toyota ti ṣe píkọ́ọ̀pù mìíràn fún wọn, Tacoma, tó tóbi jù ú lọ. Àwọn ilẹ̀ tí Hilux ti pọ̀ rẹpẹtẹ, Thailand, Gúúsù Áfíríkà, Australia àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀, sítíárìn wọn sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nàìjíríà ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn láti ọjọ́ 2 oṣù April 1972, nígbà tí a bọ́ sí apá ọ̀tún títì. Odò tí ọkọ̀ àlòkù ì bá gbà ṣàn dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ti gbẹ láti orísun. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2017, ìjọba àpapọ̀ tún fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, èyí sì dí ọ̀nà Kútọnu níwájú òfin. Ohun tó kù fún oníṣòwò kékeré ni èyí tí ìjọba bá lò gbó, tí wọ́n wá tà, ọkọ̀ tó ti jẹ gbogbo ìyà tó yẹ kó jẹ.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà ní àtakò tirẹ̀, mo sì fẹ́ dá a lóhùn dáadáa nítorí pé òun ló sún mọ́ òótọ́ jù. Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Àkúrẹ́ ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wọ́n ń rí àṣìṣe rẹ̀ lójú gíláàsì, wọn kì í ṣe mẹkáníìkì ayé àtijọ́ tó ń fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá rò pé ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò gbé ìmọ̀ tuntun kò mọ̀ wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n rírí àìsàn yàtọ̀ sí rírí oògùn. Ẹ̀rọ náà lè sọ pé sẹ́ńsọ̀ báyìí ló bà jẹ́. Ẹni kankan kò lè fi epo fọ sẹ́ńsọ̀ kó jí, kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè rọ ọ́, rírà ni, owó dọ́là ló sì ń dá iye rẹ̀. Oníṣòwò tó dúró sí abà kan lẹ́yìn Òkè-Igbó pẹ̀lú kòkó tí kò tíì gbẹ tán lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi dúró de pátì láti Èkó, nítorí pé kòkó tútù ń hu funfun nínú àpò, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Nínú 504, ohun tó bà jẹ́ àti ohun tí wọn yóò fi tún un ṣe wà nínú ìlú kan náà.

Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ọkọ̀ tuntun ń dáàbò bo ẹ̀mí ju ti àtijọ́ lọ. Bíréèkì rẹ̀ dára, bẹ́líìtì àti àpò afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ìrìn àwọn obìnrin alájàpá lórí àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù láti Ọ̀wẹnà wọ Àkúrẹ́ kò dára nígbà kankan, kò sì sí ohun rere kan tí a lè sọ nípa rẹ̀. Mo gbà bákan náà pé Hilux Àmọ̀tẹ́kùn tó lé àwọn tó ń fi màlúù jẹ oko jáde ń ṣiṣẹ́ fún àgbẹ̀, bí àgbẹ̀ náà kò tilẹ̀ wọ inú rẹ̀ rí. Ohun tí mi ò gbà ni pé ààbò àti ìrọ̀rùn ẹrù kò lè gbé pọ̀. Bẹ́líìtì àti bíréèkì tó dára kò sọ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, wọn kò sì béèrè ìjókòó aláwọ tàbí gíláàsì tó ń ṣí fúnra rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní kí n fi Toyota sílẹ̀, kí n lọ bá náírà jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, dọ́là kan kò tó ₦170. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ọkọ̀ wo ni kò ní wọ́n? Ó dùn mọ́ni láti gbà, àmọ́ kòkó kì í ṣe gàárì. Dọ́là ni ọjà àgbáyé fi ń ra kòkó, bí náírà bá já wálẹ̀, owó tí àgbẹ̀ ń gbà ní náírà náà á gòkè. A lè fi kòkó díwọ̀n ọkọ̀ tààrà, kí a gbé náírà kúrò láàárín. Ní oṣù November 2023, Toyota gbé Hilux Champ jáde ní Thailand: ilẹ̀kùn méjì, ẹ̀yìn pẹlẹbẹ tí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan, sípírìngì irin pẹlẹbẹ lẹ́yìn, gíà ọwọ́, ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù kan. Èyí tó rọ̀ jù nínú wọn jẹ́ 459,000 baht, nǹkan bíi $13,000. Lórí $2,500 tí tọ́ọ̀nù kòkó ń lọ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, ọkọ̀ náà jẹ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún ó lé díẹ̀, bí ọgọ́rin àpò ó lé. Ní 2024 tí kòkó kọjá $10,000, kò ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ kì í gba gbogbo owó ọjà àgbáyé, pé owó orí bodè á tún gun orí rẹ̀, àti pé ní 2025 kòkó tún já wálẹ̀ gan-an. Síbẹ̀ ìṣirò náà fi ohun kan hàn: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní àgbẹ̀ ogún lè ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìwọ gbèsè tí yóò pa wọ́n. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n ń tà fún ọ́fíìsì ìjọba kò sí nínú ìṣirò wọn rárá.

Lójú mi, Champ ni ẹ̀rí tó tóbi jù lọ fún ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnu ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló ti jáde. Bí ìran keje àti ìkẹjọ, tó dé ní 2015, bá ṣì jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù gidi, kí ni Toyota ń padà wá ẹ̀yìn pẹlẹbẹ ṣe? Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ìran kẹsàn-án ní Thailand ní oṣù November 2025, tòun ti èyí tó ń lo bátìrì, wọ́n ti mọ̀ pé ọjà méjì ni àwọn ń tà fún. Kaduna náà ti jí díẹ̀: láti 2022 ni ilé iṣẹ́ Dangote ti tún ń to Peugeot níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Landtrek, píkọ́ọ̀pù tí Peugeot gbé jáde ní 2020 pẹ̀lú Changan ti China, jọ Hilux ju bó ṣe jọ 504 lọ: ó ga, ó gùn, ilé rẹ̀ tutù.

Wọ́n fi ẹ̀yìn Champ sílẹ̀ lófìfo pẹ̀lú ihò bóòtù nínú irin rẹ̀, kí ẹni tó rà á lè gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà àdúgbò rẹ̀ láti de ohun tó bá fẹ́ mọ́ ọn: àgò adìyẹ, irin gàgàrà fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí pákó tí àpò kòkó lè sùn lé. Àwọn wẹ́dà Àkúrẹ́ àti Oǹdó tó ń ṣe géètì àti ara kẹ̀kẹ́ akẹ́rù lójoojúmọ́ lè ṣe gbogbo ìyẹn láàárọ̀ kan. Àtakò tó kù ni ti sítíárìn, pé ti Thailand wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ní ìparí 2024 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Philippines lábẹ́ orúkọ Tamaraw, níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì bíi tiwa, sítíárìn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òsì. Èyí tó bá ojú pópó wa mu ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó bá tún ń kọ ìwé ọkọ̀ tí yóò rà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí tí ilé ìfowópamọ́ bá ń gbèrò láti yá ẹgbẹ́ oníkòkó lówó, ohun mẹ́ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n kí wọ́n tó wo orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀: gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ ní mítà, iye àpò tó lè gbé láìtò wọ́n ga ju orí ọkọ̀ lọ, àti iye àwọn pátì rẹ̀ tí wọ́n lè rí rà láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó láìrán ẹnikẹ́ni sí Èkó.